Lẹ́tà sí Fúnmiláyọ̀ tó ń lọ sí Galmi

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná pé ilé ìwòsàn Galmi ní orílẹ̀-èdè Niger ti gbà ọ́ láti wá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo bá ọ yọ̀ gan-an. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni èmi náà fi tọ́ ọmọ, mo sì bá àwọn Haúsá gbé pẹ́, ní ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún ibodè. Kò ní dáa kí ọmọ àbúrò mi di ẹrù kí n má rí nǹkan sọ.

Kí o kọ́kọ́ rántí pé àwa ni àwọn míṣọ́nnárì wá bá tẹ́lẹ̀. Ní 1908 ni míṣọ́nnárì Tommy Titcombe wọ Ẹ̀gbẹ̀, ìlú tiwa. Míṣọ̀n SIM tó rán an wá náà ló dá ilé ìwòsàn Galmi sílẹ̀ ní 1950, ká tó rí ilé ìwòsàn ti Ẹ̀gbẹ̀ ní 1952. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àlejò kì í wọ́n nínú ọgbà míṣọ̀n. Àwọn kan á jókòó ti ìyá àgbà lórí àpótí, wọ́n á fi ìwọ̀nba èdè wa tí wọ́n gbọ́ bi í bí oko ṣe ń ṣe. Àwọn mìíràn á to àwa ọmọdé sórí ìlà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín súìtì, ó parí. A kì í sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó wá bá wa gbé àti ẹni tó wá wò wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe máa wò ọ́ ní Galmi, wọn ò sì ní wí fún ọ.

Tí o bá wo máàpù, o máa rí i pé ibẹ̀ kò jìnnà sí Sokoto. Téèyàn bá gba Illela dé Birni N'Konni, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn ọ́. Àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ọ̀nà yẹn ṣeé rìn. Wọ bàálù lọ sí Niamey, kí o sì bi ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe ń gbé àlejò láti ibẹ̀, torí ìrìn tó kù lójú títì ju kìlómítà 400 lọ. Niger pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní Oṣù Kìíní 2025, nítorí náà lọ béèrè ìwé tó yẹ ní ẹ́ḿbásì wọn kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún lo dé, ooru máa ń kọjá 40°C, ìta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n á ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ibà ni yóò kún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ebi ti jẹ gbẹ. Ìgbà náà ni àká máa ń ṣófo, tí jéró tuntun kò sì tíì gbó.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò rí bí ẹ ṣe ń rò ó nínú ìpàdé àdúrà. Àwọn ẹbí aláìsàn ló máa ń dáná fún ènìyàn wọn, nítorí náà ọgbà máa kún fún èéfín, ìkòkò àti ọmọdé. O máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, o máa da ìgbẹ́ nù, o máa ka oògùn. Tí wọ́n bá ní kí o lọ ká bándéèjì láti àárọ̀ dalẹ́, lọ ká a. Nọ́ọ̀sì ọmọ Niger tí o fi ọdún mẹ́wàá jù lè jẹ́ ọ̀gá rẹ, èdè Faransé ni wọ́n sì ń kọ sínú fáìlì. Béèrè ohun tí o kò bá mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì kí i dáadáa láràárọ̀. Haúsá fẹ́ràn ìkíni bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á béèrè ilé, iṣẹ́, ọmọ àti àárẹ̀. Ẹni tó bá sáré kọjá, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o máa fi gba nǹkan, kí aṣọ rẹ balẹ̀, má sì jẹun níta nígbà àwẹ̀ Ràmàdáànì. Ìyẹn kò le fún ọmọ Yorùbá.

Níbi ìrọbí ni mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra jù. Ìwọ náà mọ wọ́ọ̀dù ìbímọ nílé wa: obìnrin á ké pe Jésù, á ké pe ìyá rẹ̀, á bú ọkọ rẹ̀. Igbe yẹn la fi ń mọ ibi tí nǹkan dé. Obìnrin Haúsá kì í ké. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ìtìjú ni, ohun tí wọ́n ń pè ní kunya. Á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, á fa ìborí bojú, ìwọ á rò pé ó ku wákàtí mẹ́rin, orí ọmọ sì ti ń yọ. Má fi etí nìkan ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gbé ọwọ́ lé ikùn, kí o máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń ká kò, dìde. Máa sọ fún un pé sannu, sannu, bí ìgbà tí ò ń sọ pé pẹ̀lẹ́.

Tó bá jẹ́ àkọ́bí ló bí, o lè gbé ọmọ fún un kó kọjú sí ògiri. Má kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò fẹ́ ọmọ. Àkọ́bí ni wọ́n ń tijú jù, ìyá mìíràn kì í pe orúkọ rẹ̀ rárá, kì í sì í gbé e ṣeré lójú àna. Àwa tí a ń ki ọmọ kí a tó wẹ̀ ẹ́ lè pè é ní ọ̀dájú. Àlejò lójú, kò fi ríran. Jẹ́ kí èrò jáde, kí o wá nǹkan ṣe ní ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, wàá rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ẹsẹ̀ ọmọ lábẹ́ aṣọ.

Ìwàásù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyẹn ló wà lọ́kàn rẹ. Ẹni tí dírípù so mọ́ bẹ́ẹ̀dì kò lè dìde kúrò níbi tí o ti ń wàásù, èmi kò sì rò pé ó yẹ ká fi ìrora ènìyàn mú un. Tó bá bi ọ́, dá a lóhùn, má fi Olúwa rẹ pamọ́. Ní Ìlọrin tí mo ń gbé yìí, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jókòó níwájú Ẹ́mírì ní 1872. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, inú Bíbélì èdè Yorùbá ló ti ń ka èsì fún wọn, kò jiyàn, kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ti darúgbó nígbà yẹn, ó ti rí ayé. Mo bá a lọ.

Ó wá ku fóònù rẹ. Ní Oṣù Kìíní 2015, nítorí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn ní Paris tó bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nínú, àwọn kan dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní Zinder àti Niamey. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ju 40 lọ ló jóná ní Niamey nìkan, ènìyàn sì kú. Àwọn Kristẹni Niger tí ilé wọn jó kọ́ ló ya àwòrán náà. Nítorí náà, ohun tí o bá gbé sórí Facebook ní Galmi, ìwọ kọ́ lo máa jìyà rẹ̀. Ìwọ á ti wà nílé, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa wà níbẹ̀. Má ya fọ́tò aláìsàn, má kọ iye ọkàn tí o jèrè, má dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbọ́. Tí pásítọ̀ yín bá ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́, ya àlùbọ́sà wọn fún un. Àlùbọ́sà Galmi lókìkí, wọ́n ń kó o lọ títí dé Ghana àti Abidjan.

Mo tún gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń dá aṣọ àlòkù jọ kí o kó o dání. Òkìríkà kún ọjà wọn, ẹni tó ń tà á níbẹ̀ náà ní ọmọ tó ń bọ́. Kọ̀wé sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi wọ́n ní ohun tí wọ́n nílò gan-an, bóyá ìbọ̀wọ́ tàbí owó fún àwọn tí kò lè san owó iṣẹ́ abẹ. Fi èsì wọn ránṣẹ́ sí mi, èmi ni n ó bá ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ kí ó má baà di ìjà fún ọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ ní Ìlọrin