Àpótí Ìmọ̀: Bí Ẹ́ńjìnnì Eré-ìje Ṣe Ń Mí

Ní 2006, ẹ́ńjìnnì V8 tí Cosworth ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Formula 1 ń yí ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ohun tí èyí ń bèèrè lọ́wọ́ fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé: kí èèyàn tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan, ó ti ṣí, ó sì ti padé, lé ní ìgbà mẹ́wàá. Kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, ẹnu fáàfù gbọ́dọ̀ fẹ̀. Wọ́n wá fẹ sìlíńdà bí ẹnu ife ńlá, ó dé mìlímítà 98 tí òfin gbà wọ́n láàyè. Ìrìn pístìn ní tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 lọ.

Ibi tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ báyìí ṣòroó fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Wọ́n ní láti gbẹ́ orí pístìn kí fáàfù má baà gbá a, kòtò kọ̀ọ̀kan sì ń dín agbára ìfúnpọ̀ kù. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà jù.

Sípíríìnì onírin tó máa ń ti fáàfù padé kò lè bá irú eré yìí dọ́gba. Ṣe ló ń gbọ̀n, tí fáàfù ò sì ní padé lásìkò. Renault ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ fi gáàsì rọ́pò rẹ̀ nínú Formula 1, ní 1986.