Igi Ọdán Iwájú Ilé Wa Fẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Igi ọdán kan wà níwájú agboolé wa ní Ẹdẹ. Bàbá wa àgbà ló gbìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ gé e, kó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní àjẹ́ ló ń pàdé lórí rẹ̀, nítorí ariwo tó ń gbọ́ níbẹ̀ lóru. Màmá wa tó ń ta ẹ̀kọ lábẹ́ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní tèmi, bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí mo rí i lókèèrè, ọkàn mi á balẹ̀ pé mo ti délé. Igi kan ṣoṣo, kí ló dé tí ojú wa ò fi rí i bákan náà? Kí sì ni ká ṣe?
Àbíkẹ́yìn, Ẹdẹ.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi ọ̀wọ́n, lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi. Gbogbo yín lẹ jàre. Ohun tí kálukú ń bá igi ṣe ló ń rí lára rẹ̀: ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń wò, ìbòòji ni màmá yín ń wò, ọ̀nà ilé nìwọ ń wò. Igi inú igbó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò yà á sọ́tọ̀? Igi ìgboro dá dúró níbi tí ojú ń bá a lójoojúmọ́, títí ó fi di ọ̀kan nínú ará àdúgbò.

Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń fi igi júwe ibi: Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè, Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Ní Àgbádárìgì, abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní 1842. Igi náà wó ní 1959, àmọ́ ohun ìrántí rẹ̀ ṣì dúró. Nígbà tí ìjì wó àràbà Freetown ní Sàró lóṣù Karùn-ún 2023, àràbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí owó, bí ẹni ṣọ̀fọ̀ àgbà ni ìlú ṣe ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní Melbourne, l'Ọsirélíà, ìjọba ìlú fún àwọn igi ní àdírẹ́sì í-meèlì ní 2013, kí aráàlú lè fi ẹjọ́ ẹ̀ka tó ṣẹ́ sùn. Ìkíni àti lẹ́tà ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ránṣẹ́ sí igi. Ìwọ nìkan kọ́ ni igi ń wọ̀ lọ́kàn.

Ní Òṣogbo tó múlé tì yín, òfin àti ẹ̀sìn ló ń dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Igi iwájú ilé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ojú tí onílé bá fi wò ó ni ààbò rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ní ti ariwo òru, bí èso ọdán bá pọ́n, àdán á dé. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbọ́ ọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè lóru, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń já èso, tí wọ́n ń bára wọn jà. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ilẹ̀: ìdajì èso tí wọ́n jẹ kù ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, òótọ́ ni pé gbòǹgbò ọdán ń rìn jìnnà, ó sì lè la ìpìlẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà sún ṣọ́ọ̀bù náà sẹ́yìn, kó kọjú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ìbòòji. Oníbàárà kì í fẹ́ dúró nínú oòrùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìdí igi náà ká. Ṣé ikán ti wọ̀ ọ́? Ṣé olú ń hù ní gbòǹgbò rẹ̀? Ṣé ó ti ń tẹ̀ sọ́dọ̀ ilé, tí ilẹ̀ òdìkejì sì ń sán? Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, nítorí ẹ̀mí èèyàn ju igi lọ. Bí kò bá sí, ẹ̀ka tó gbẹ nìkan ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ má sun pàǹtí nídìí rẹ̀, ẹ má sì da kọnkéré bò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí gbogbo yín jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí kálukú sọ ohun tó ń rí, kí àwọn yòókù sì gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gé e lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀ka tútù kan lára rẹ̀, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbòmíràn lágboolé nígbà òjò. Ọdán kì í pẹ́ mú.