Afẹ́fẹ́ Ni Ọkọ̀ Asáré Ń Jẹ

Ẹ́ńjìnnì Pijó 504 tó ń lo kàbúrétọ̀, irú èyí tó ń gbé èrò láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin nígbà tí àwọn òbí yín ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé, sìlíńdà mẹ́rin ló ní, inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba lítà 1.971. Ẹ́ńjìnnì kan wà tí iléeṣẹ́ AMG ń tò ní ìlú Affalterbach nílẹ̀ Jámánì, M139 ni wọ́n ń pè é. Sìlíńdà mẹ́rin lòun náà ní. Inú tirẹ̀ gba lítà 1.991. Bí ẹ bá yọ ìkíní kúrò lára ìkejì, ohun tó kù kò ju omi tí èèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀, agbára ti Pijó kò pé ẹṣin 100, ti ará Jámánì sì jẹ́ ẹṣin 421. Níbo ni ìyókù ti wá?

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Ìjàgbó níbí tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, á ti fi ìró sàlẹ́ńsà mọ irú ẹ̀ kó tó yọ sí wa. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́. "Epo tiwọn le ju tiwa lọ, sà." Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi sí i. Ìdáhùn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọmọ náà ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ fojú ara òun rí iléeṣẹ́ ọkọ̀ asáré kí òun tó kú (ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n!), mo ní ká jọ wọ ọ́ lọ lórí pátákó, ká fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìwé àṣẹ ìwọlé.

Ká tó wọlé, ẹ jẹ́ ká mọ ẹṣin tí à ń kà. Ẹ gbàgbé àwọn ẹṣin tó ń jó níbi Dúrúbà Ìlọrin. James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó tún ẹ̀rọ olóoru ṣe láyé àtijọ́, ló fi agbára ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n, kí àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀ lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ náà máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọn ti ọkọ̀ ní Yúróòpù, ẹṣin kan ni agbára tó lè gbé ẹrù kílò 75 sókè ní mítà kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ kílò 50. Àpò kan ààbọ̀ nìyẹn, láti ilẹ̀ dé ìbàdí, kó tó di pé èèyàn pe "ení" tán. Alágbàṣe tó gbó dáadáa lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kó máa ṣe é lọ láìsinmi ni kò ṣeé ṣe. Ẹ wá ronú kan 421 irú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú sìlíńdà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé epo ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Epo ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó pọ̀ jù nínú àwo rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni. Kí kílò epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Kò ṣòro rárá láti da epo sí i. Ẹ tẹ tọ́rótù, epo á ya. Afẹ́fẹ́ ni kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó fúyẹ́, ó ń gba ibi tó fẹ̀, ìwọ̀nba tí sìlíńdà bá lè fà ló sì máa wọlé.

Ẹ mú bírò yín. Afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tó ga ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, wúwo tó bíi kílò 1.2. Lítà 1,000 ló wà nínú àpótí náà. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ń mí lítà méjì sínú nígbà tí kíránkì rẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀méjì. Bó bá ń yí lẹ́ẹ̀ 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti mí nígbà 2,500 nìyẹn, ó sì ti gba lítà 5,000 sínú. Kílò mẹ́fà afẹ́fẹ́! Ẹ pín mẹ́fà sí ọ̀nà 14.7, ẹ ó rí i pé epo tó lè bá a jó kò ju kílò 0.4 lọ, ó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà. Bí ẹ bá da lítà mẹ́wàá sí i, ìdajì lítà yẹn náà ló máa jó. Ìyókù á gba sàlẹ́ńsà jáde, á di èéfín dúdú àti òórùn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dun àwọn ọmọ nígbà tí mo bá sọ ọ́. Ooru tó wà nínú epo tó ń jó ní ìṣẹ́jú kan yẹn, bí gbogbo rẹ̀ bá di iṣẹ́, ó tó ẹṣin 400. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn ò rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lò. Mẹ́ta tó kù ń gbóná lọ lásán: rédíétọ̀ gba tirẹ̀, sàlẹ́ńsà gba tirẹ̀, ìfararora irin sí irin gba ìwọ̀nba tó kù. Ẹni tó bá jókòó síwájú 504 lọ́sàn-án gangan, tí ooru ń ti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wá bá a lẹ́sẹ̀, ó ti jókòó ti ẹṣin 300 tí kò wúlò fún un.

Bí a bá wá fẹ́ agbára sí i, tí a kò sì fẹ́ kí sìlíńdà tóbi sí i, ọ̀nà méjì ló gbòòrò jù. Ọ̀kan ni kí kíránkì máa yí kíákíá, kó lè máa mí lemọ́lemọ́. Ti M139 ń yí lẹ́ẹ̀ 6,750 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí agbára rẹ̀ bá pé. Ìyẹn fi ìdá kan nínú mẹ́ta ó lé díẹ̀ kún ti 5,000. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò gbé wa dé 421. Ọ̀nà kejì ni kí a fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọlé, ohun tí tọ́bò sì ń ṣe nìyẹn. Èéfín tó ń jáde láti inú sìlíńdà ń sáré, ó gbóná, a sì ti fẹ́ẹ́ jù ú nù. Wọ́n fi àgbá kékeré kan tó ní ìyẹ́ bíi fáànù dí i lọ́nà. Èéfín ń yí i, irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ àgbá kejì, ìkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta tó sì ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nínú M139, tọ́bò yẹn lè yí dé 169,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ipá afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lè fi ìlọ́po 2.1 ju ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ. Ẹ fi ti àtilẹ̀wá kún un, ó di 3.1.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó: ẹṣin 100, lọ́nà 3.1, lọ́nà 1.35 nítorí yíyí kíákíá. 418. Kíláàsì hó yèè. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣirò wa mú gbogbo nǹkan ibẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tó ń dín in kù, àwọn mìíràn wà tó ń bù kún un, wọ́n kàn pàdé ara wọn lójú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà yẹn, òun lọ̀nà.

Ìṣòro kan ṣì wà. Ẹ wá pọ́ńpù kẹ̀kẹ́, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fún un kíákíá fún ìgbà bí ogún, kí ẹ wá fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbóná. Kò síná níbẹ̀, kò sóòrùn. Ẹ̀yin lẹ tẹ afẹ́fẹ́, iṣẹ́ apá yín ló di ooru. Bí tọ́bò bá tẹ afẹ́fẹ́ dé ìlọ́po mẹ́ta, ó máa ń gbóná ju omi tó ń hó lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń fẹ̀, tó bá sì ti fẹ̀, ìwọ̀n tí sìlíńdà gbà á tún dín kù. A ti fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, a tún fẹ́ fi òsì gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi afẹ́fẹ́ náà gba inú ohun kan tó rí bíi rédíétọ̀ kọjá, tí wọ́n ń pè ní intercooler, kó lè tutù kó tó wọ sìlíńdà. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ asáré tí iwájú rẹ̀ la ihò gbàgàdà, kì í ṣe fáàrí nìkan.

Nísinsìnyí a lè wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń to ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà A inú AMG dúró fún Aufrecht, M fún Melcher, àwọn ọkùnrin méjì tó dá a sílẹ̀ ní 1967. G ni Großaspach, ìlú tí wọ́n ti bí Aufrecht. Àṣà wọn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń to ẹ́ńjìnnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì ló ń gbé e sí, á máa tì í láti ibùdó kan dé òmíràn: ibí yìí kíránkì, ibẹ̀ yẹn písítìn, lọ́hùn-ún orí sìlíńdà. Nígbà tó bá parí, pátákó kékeré tó ní ìbuwọ́lù rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà.

Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ dúró wò ni ìrinṣẹ́ tó fi ń dè é. Sípánà rẹ̀ ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bóólùtì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí wọ́n ń dè é dé, kọ̀ǹpútà sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nítorí pé nígbà tí iná bá ṣẹ́ nínú sìlíńdà M139, ipá rẹ̀ lè dé ìlọ́po 160 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Písítìn náà kò fẹ̀ ju mílímítà 83 lọ, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé, ẹ ó rí i pé ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ: àpò sìmẹ́ńtì tó ju 160 lọ, lórí irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ohun kan náà tó ń ti písítìn lọ sísàlẹ̀ ń ti orí sìlíńdà lọ sókè, àwọn bóólùtì yẹn nìkan ló sì dì í mú.

Bóólùtì tí a dè dáadáa máa ń nà. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ń nà, ó sì ń fẹ́ padà síbi tó wà, fífẹ́ padà yẹn ló ń fún orí sìlíńdà mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí a kò bá dè é tó, iná á já gásíkẹ́ẹ̀tì gbà. Bí a bá dè é jù, irin náà á nà kọjá ààlà rẹ̀, kò ní padà mọ́. Ó ti di òkú bóólùtì, bó tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́káníìkì wa ń ki páìpù bọ ìdí sípánà, wọ́n á fi apá wọn gbọ́ ọ títí tó fi "mú". Mi ò fojú kéré ọwọ́ yẹn o. Mo ti rí àwọn tí ọwọ́ wọn kì í ṣì í. Ẹ́ńjìnnì 504 sì jẹ́ aláforítì: ipá inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dárí ji ọwọ́ tó bá ṣèèṣì le jù díẹ̀. M139 kì í dárí jini.

Ìforítì yẹn kì í ṣe àbùkù. Ní 1975, ọdún tí Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní ní Safari Rally ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nínú eruku àti ẹrẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó yá ju tirẹ̀ ti máa ń dákú. Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 gbà á ní 1978, ṣùgbọ́n ti onílẹ̀kùn méjì tó ní sìlíńdà mẹ́fà ni tirẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń kó iṣu àti èrò sí ní gáréèjì Ọ̀fà, ìbátan ọkọ̀ asáré ni.

Ọmọ ọlọ́kọ̀ mi tún nawọ́. "Sà, ṣé a ò lè ra tọ́bò, ká fi sí 504 bàbá àgbà mi?" Ó ṣeé fi sí. Á sì sáré, fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti epo tí a bá tẹ̀ jù máa ń gbiná fúnra wọn kí iná pọ́lọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iná òjijì bẹ́ẹ̀ a sì máa lu písítìn bí òòlù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jámánì fi ń lo epo tó ń rọ́jú kó tó gbiná. Ìdí tí ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí epo fi ní òótọ́ nínú nìyẹn: epo wọn kò le, ó kàn ní sùúrù ju tiwa lọ. Àti pé gásíkẹ́ẹ̀tì 504, bóólùtì rẹ̀, kíránkì rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ṣe de ẹrù ìlọ́po mẹ́ta.

Kò dìgbà tí a bá ra tọ́bò ká tó rí iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé láàárọ̀ ọyẹ́, ọkọ̀ máa ń fà ju ti ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Afẹ́fẹ́ tútù ló ki. Láàrin ooru ìwọ̀n 20 sí 35, ìyàtọ̀ ìwúwo rẹ̀ tó bíi 5 nínú 100. Gíga ilẹ̀ náà ní tirẹ̀ nínú. Ní 1975 kan náà, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, nítòsí òkun, níbi tí ilẹ̀ kò ti ga rárá. Ìjàgbó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 400 mítà, afẹ́fẹ́ wa níbí sì fi bíi 4 nínú 100 fúyẹ́ ju ti Ọ̀jọ́ lọ. Ìjàpá tó jáde ní Ọ̀jọ́ tó gun òkè wá bá wa, kí taya rẹ̀ tó kan Ìjàgbó, ó ti pàdánù bíi ìwọ̀n yẹn nínú agbára rẹ̀, láìjẹ́ pé ohun kankan bà jẹ́ lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì olótọ́bò tó bá gba ojú ọ̀nà kan náà kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Àgbá kékeré inú rẹ̀ á kàn yí kíákíá sí i, á fi dí àlàfo yẹn.