Ọ̀rọ̀ Wo Ni Àwọn Ará Ṣáínà Ń Lò fún “Play”?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ikoga ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì ni mí. Èdè Ògù ni a ń sọ nílé, Yorùbá ni mo fi ń nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kàwé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lágbègbè Ìgbẹsà, níbi tí àwọn ẹnjiníà ará Ṣáínà pọ̀ sí. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní kí n sọ fún ẹnjiníà pé “play” ti wà nínú bẹ́ríǹ ẹ̀rọ kan. Mo wo ìwé atúmọ̀ èdè, mo bá “wán” níbẹ̀, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kàn ń wò mí ni. Ó rò pé mo ní ká lọ ṣeré. Ìgbà tí mo fọwọ́ mi irin náà níṣojú rẹ̀ lọ̀rọ̀ tó yé e.

Nígbà tí mo délé, mo tún ọ̀rọ̀ náà wò. Mo rí tī, dǎ, chuī, tán, lā, xià, yǎn, fàng. Wọ́n ní “play” ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tí yóò lò? Ṣé kí n há gbogbo wọn sórí ni?

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ mọ̀, Ikoga

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Ẹni tí Ògù, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ tó tún ń wá èdè kẹrin, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, mo sì bá ọ yọ̀. Má tíì há ohunkóhun sórí. Jẹ́ kí n fi ibi tí ọ̀nà ti yà hàn ọ́. Bí o bá ti rí i, wàá mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí ò ń wá ti wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀.

Inú Gẹ̀ẹ́sì lo ti gbéra lọ sínú èdè Ṣáínà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó sábẹ́ “play” sì pọ̀ jọjọ: bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, fèrè, ayò, tíátà, orin orí rédíò, títí kan bẹ́ríǹ tó ti dẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wo èdè Ṣáínà yóò rò pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan di mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n dúró sínú Yorùbá kí o wò ó. Ta ló ń “ṣeré ìlù” láàárín wa? A ń lù ú ni. Ta ló ń “ṣeré fèrè”? A ń fọn ọ́n ni. Ohun tí ọwọ́, ẹnu tàbí ẹsẹ̀ ń ṣe gan-an ni àwa máa ń dárúkọ, òun náà sì ni àwọn ará Ṣáínà ń dárúkọ. Nítorí náà, fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná, kí o ti Yorùbá bọ́ sí èdè wọn tààrà. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:

Gbá bọ́ọ̀lù: tī zúqiú, 踢足球. Tī ni pé ká fi ẹsẹ̀ ta nǹkan nípàá. Zú ni ẹsẹ̀, qiú ni bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí a ń fọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀, dǎ lánqiú, 打篮球, ni wọ́n ń pè é, nítorí ọwọ́ ni a fi ń lù ú.

Lu ìlù: dǎ gǔ, 打鼓. Dǎ ni lù. Bí ẹnjiníà rẹ bá bá yín níbi tí ẹ ti ń lu ìlù Sato ní Àgbádárìgì, dǎ gǔ ni yóò sọ pé ẹ ń ṣe.

Fọn fèrè: chuī dízi, 吹笛子. Chuī náà ni wọ́n ń lò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tàbí tí èèyàn bá fi ẹnu fẹ́ àbẹ́là pa.

Ta gìtá: tán jítā, 弹吉他. Ìka ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dùùrù tí àwa ń tẹ̀, tán kan náà ni tiwọn, tán gāngqín, 弹钢琴, torí ìka náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun èlò olókùn tí a ń fi ọ̀pá fà: lā. Èrhú wọn tó ní okùn méjì, lā èrhú, 拉二胡, ni wọ́n ń wí. Lā ni fà.

Ta ayò: xià qí, 下棋. Xià ni kí nǹkan wálẹ̀, torí pé ńṣe ni wọ́n ń gbé ọmọ ayò wọn sílẹ̀ lórí pátákó. Káàdì ní tirẹ̀, dǎ pái, 打牌, ni.

Ṣe eré orí ìtàgé: yǎn xì, 演戏.

Fi orin sí i, lórí rédíò tàbí fóònù: fàng yīnyuè, 放音乐. Fàng ni kí a tú nǹkan sílẹ̀ kó máa lọ.

Ṣé o rí i? Lù bá dǎ mu, fọn bá chuī mu, ta bá tán mu. Àwọn baba wa àti àwọn baba wọn kò pàdé, síbẹ̀ ohun kan náà ni ojú wọn ń wò nígbà tí wọ́n sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Yẹ èdè Ògù tìrẹ náà wò lọ́nà yìí, kí o bi àwọn àgbà Ikoga léèrè ohun tí wọ́n ń wí fún ìlù, fún fèrè àti fún bọ́ọ̀lù. Èdè ilé kì í ṣe ẹrù tó ń dí ọ lọ́nà.

Wán wá ńkọ́? Wán, 玩, ni ṣeré gan-an, eré ìgbádùn, eré ìsinmi. Ọmọdé ń wán lágbàlá. Ẹni tó ń ṣe géèmù ń wán yóuxì, 玩游戏. Ẹni tí kò gbé ojú kúrò lára fóònù ń wán shǒujī, 玩手机. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé “lái wǒ jiā wán”, 来我家玩, ó ní kí o wá ṣeré nílé òun bí a ṣe ń wí in níbí, kì í ṣe pé ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi rò pé ò ń pè é síta.

Ní ti bẹ́ríǹ, kò sí eré kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ni àwa ń wí nígbà tí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀? A ní ó ti dẹ̀, tàbí pé àyè ti wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn náà ń wí nìyẹn. “Sōng le”, 松了, ni ó ti dẹ̀. “Jiànxì”, 间隙, ni àyè tó wà láàárín irin méjì. “Zhóuchéng”, 轴承, ni bẹ́ríǹ. Nítorí pé bẹ́ríǹ mìíràn wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè díẹ̀ sínú rẹ̀, ohun tó yẹ kí o sọ ni pé àyè náà ti pọ̀ jù: “Zhóuchéng jiànxì tài dà”, 轴承间隙太大. Há èyí sórí, nítorí ìlera àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà wà lórí kí ọ̀rọ̀ yín tètè yé ara yín.

Jẹ́ kí n yí i padà fún ọ, kí àwọn náà má baà ṣì ọ́ lọ́nà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ẹrù púpọ̀ ru “play”, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n di ẹrù púpọ̀ ru dǎ. Dǎ diànhuà, 打电话, ni kí a pe èèyàn lórí fóònù. Dǎ zhēn, 打针, ni kí nọ́ọ̀sì gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Dǎ sǎn, 打伞, ni kí a ṣí agboòrùn sórí. Dǎ zì, 打字, ni kí a tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tí wọ́n nà nínú gbogbo ìyẹn. Àwa náà ní irú rẹ̀: à ń ta ayò, à ń ta ọfà, à ń ta gìtá, à ń ta èèyàn lọ́rẹ, ata sì ń ta wá lẹ́nu. Ará Ṣáínà tó ń kọ́ Yorùbá yóò làágùn lórí “ta” bí ìwọ náà ṣe làágùn lórí “play”.

Má sì rò pé Yorùbá yóò máa tọ́ ọ sọ́nà nígbà gbogbo. A ń wọ aṣọ, a ń wọ bàtà, a sì ń dé fìlà. Àwọn ń chuān aṣọ àti bàtà, wọ́n sì ń dài fìlà. Títí débẹ̀, a jọ ń rìn ni. Ṣùgbọ́n àwa ń wọ ìbọ̀wọ́, àwọn sì ń dài shǒutào, 戴手套: ọ̀rọ̀ tó wà fún fìlà àti akoto ni wọ́n lò fún ìbọ̀wọ́. Irú ibi báyìí ni kí o fi ìlà sí nínú ìwé rẹ.

Ohun kan tún wà tó ń kó ọmọ Yorùbá sí wàhálà, òun ni àmì ohùn. Ọdún 1958 ni ìjọba Ṣáínà tẹ́wọ́ gba pinyin, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi irú lẹ́tà tí àwa ń lò kọ èdè wọn. Àwọn àmì náà jọ tiwa, ṣùgbọ́n ohùn wọn yàtọ̀. Àmì tó dùbúlẹ̀ sórí lẹ́tà, bíi ti tī àti chuī, ni ohùn òkè wa, kí o gbé e dúró sókè. Èyí tí àwa fi ń kọ ohùn òkè, bíi ti wán àti tán, ohùn tó ń gòkè ni lọ́dọ̀ wọn, bí ìgbà tí a bá ń pe “yìí”. Èyí tí àwa fi ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti fàng àti xià, láti òkè ló ti ń já wálẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń pe “náà”. Èyí tó rí bíi lẹ́tà V, bíi ti dǎ àti yǎn, ìsàlẹ̀ ni kí o fi í sí, ó sì máa ń gòkè díẹ̀ bí a bá dá a pè. Má fojú kékeré wo èyí: mǎi ni kí a rà, mài ni kí a tà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣòwò gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lẹ́nu òun.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìṣe ní òun nìkan sínú ìwé rẹ mọ́. Má kọ dǎ. Kọ “dǎ gǔ, lu ìlù”. Má kọ chuī; kọ “chuī dízi, fọn fèrè”. Bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, bi ara rẹ pé kí ni ọwọ́ ń ṣe, kí o wá Yorùbá rẹ̀ kí o tó wá ti Ṣáínà. Bí ó bá ṣì rú ọ lójú, fọwọ́ tọ́ka sí nǹkan náà kí o bi ẹnjiníà pé “Zhège zěnme shuō?”, 这个怎么说, ìyẹn ni pé báwo ni ẹ ṣe ń sọ èyí. Inú èèyàn máa ń dùn sí ẹni tó bá béèrè èdè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyè bá sì yọ, Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius wà ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè náà, nítorí fóònù kò lè fetí sí ohùn rẹ kó tún un ṣe bí olùkọ́ yóò ṣe tún un ṣe.

Ọmọ mi, tẹ̀ síwájú. Àwọn tó lè dúró láàárín ọmọ Nàìjíríà àti ará Ṣáínà nídìí ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ yé tọ̀tún tòsì, kò pọ̀, a sì nílò wọn. Ọlọ́run á fún ọ ní etí ìgbọ́ àti ọ̀rọ̀ tó dá ṣáká lẹ́nu.