Ẹ Gba Ọ̀rọ̀ Ọmọ Náà Gbọ́

Àìsàn kan ń bẹ tí àwọn baba wa sọ ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ẹni tí ó ń ké ìrora ní òru Ọjọ́bọ̀ lè máa gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń kó bá ọmọ. Bí àwọn ará ilé bá rí i tí ó dìde lónìí, wọn a ní irọ́ ni ó pa lánàá.

Irọ́ kọ́. Àwọn horo pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń rí roboto, wọ́n sì rọ̀, tí wọ́n fi ń kọjá nínú iṣan tín-ín-rín. Ní ara ọmọ yìí, wọ́n ń tẹ̀ bí dòjé, wọ́n sì ń le. Dókítà Herrick ti ìlú Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn ní 1910, nígbà tí ó rí wọn nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Grenada. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Agége lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan bá dábùú ọ̀nà. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ń dúró, tí egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí egbò, kò sí wíwú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí a ní.

Ẹ má sì wá àjẹ́ kiri nínú ẹbí. Àwọn òbí tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS.

Ìgbà ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń díjú jù. Ara wọn kì í tètè bàlágà. Ọmọbìnrin ọdún 16 lè dàbí ọmọ ọdún 12, ẹyinjú rẹ̀ sì lè pọ́n rúsúrúsú bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà, nítorí kí ó lè bá ẹgbẹ́ pé, a máa sáré nínú oòrùn, a sì máa ju oògùn rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ojú ń tì wá láti sọ: nǹkan ọmọkùnrin lè le fún wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú ìrora, láìsí èrò ìṣekúṣe kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni. Bí ó bá tó wákàtí méjì, kí ó sọ fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni fún ara gbígbóná, àyà ríro, àìlè mí dáadáa, tàbí kí apá kan ara rọ. LASUTH kò jìnnà sí wa, Orílé-Agége náà ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń béèrè ìdí tí a fi ń ná owó ilé ìwé lórí ọmọ tí kò ní pẹ́ láyé. Tosyn Bucknor, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, ní àìsàn yìí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó lọ́kọ, ó sì ń sọ nípa àìsàn rẹ̀ ní gbangba títí ó fi kú ní 2018, ní ẹni ọdún 37. Ọdún 37 kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní òfò ni owó ìwé rẹ̀? Lónìí, oògùn hydroxyurea wà tí ń dín ìrora náà kù, bí dókítà bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ní Ìdí-Àràbà, ilé iṣẹ́ Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyánjú dá sílẹ̀ ń gba irú wọn ní ìmọ̀ràn.

Ní ti ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, Ìjọ kò fi í lé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lórí, ó sì yọ aláìsàn sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbààwẹ̀ láìmu omi. Omi púpọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa mu, ìtọ̀ a sì máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin wọ́dà, bí ó bá dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà Mísà, ẹ yà fún un kí ó kọjá, ẹ má sì wò ó lójú.