Àkànní, Ka Ẹsẹ̀ Àkàsọ̀ Náà Kí O Tó Gùn Ún

Chicago,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹrin.

Àkànní, ọmọ bọ̀dá mi,

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé láàárọ̀ yìí, mi ò sì tíì fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí tó ọ lọ́wọ́ kí ẹ tó dá fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń yan ẹ̀kọ́ padà fún ilé ìwé Àgùdà tó gbà ọ́ wọlé.

Mo gbọ́ pé wọ́n fi ọ́ sí ìpele Honors nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ nínú ìṣirò, college prep tó rẹlẹ̀ sí i ni wọ́n fi ọ́ sí. Dádì rẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí èsì náà dé. Ohùn wọn le. Wọ́n ní àwọn máa lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, pé ọmọ tí kò sí ní Honors nínú ìṣirò, iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń lépa ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mi ò lè bá wọn jiyàn lórí fóònù. Ìwọ ni màá sọ ọ́ fún, kí o lè fi ẹ̀sọ̀ bá wọn sọ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nàìjíríà ni wọ́n ti kàwé. Nílé lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọ bá ti parí JSS 3, wọn a pín wọn sí Science, Art àti Commercial. Ọmọ tí wọn ò bá fi sí Science kò ní rí Physics àti Chemistry kà, yunifásítì kankan ò sì ní gbà á fún ẹnjiníà. Ìyẹn ni wọ́n gbọ́ nígbà tí o pe "college prep". Níbí, orúkọ yẹn gan-an sọ pé wọ́n ń múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló sì ń tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

HSPT tí o ṣe yẹn, ìdánwò ìwọlé tí wọ́n fi pín yín sí ìpele, ìbéèrè 298 ni. Ti ìṣirò nínú rẹ̀ jẹ́ 64, ìṣẹ́jú 45 péré ni wọ́n fún yín. O fi ìwé tí o fi múra hàn mí nígbà Kérésìmesì. Mo rí i pé níbikíbi tí o bá ti fẹ́ fi ìdá kan pín ìdá mìíràn, o ti fi írésà pa á rẹ́ títí bébà fi lu. Ibi tó ń dùn ọ́ ni ìdánwò náà fọwọ́ kàn, Àkànní. Kò purọ́ mọ́ ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọmọ kankan rí. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mo ní Credit nínú ìṣirò ìdánwò àṣejáde WAEC. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí n ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá gbé mi sí kíláàsì ìṣirò àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí kíláàsì náà, wọ́n sì kọ́ mi ní ìdá àti ìpín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lánàá, wọ́n gbé ọmọ kan wá sí ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ń gbóná. Kílò 12 ni. Dókítà ní kí n fún un ní oògùn mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 180 nìyẹn. Oògùn olómi tó wà nílẹ̀, mílígíráàmù 160 ló wà nínú mílílítà 5. Mo fi 160 pín 180, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 5, mo fa bíi mílílítà 5.6 sínú sírínjì. Kọ̀ǹpútà wà níwájú mi, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣe é lórí ìwé. Kíláàsì tí mo sunkún lé lórí ni mo fi tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Wàyí o, mú bírò. Ọ̀nà tó wà níwájú rẹ nínú ìṣirò nìyí: Algebra 1 ní kíláàsì kẹsàn-án, Geometry ní ìkẹwàá, Algebra 2 ní ìkọkànlá, Precalculus ní ìkejìlá. Àkàsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ọdún mẹ́rin. Ṣé o rí i pé Calculus ò sí níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ẹnjiníà ló ń fẹ́ kí ọmọ ti fojú kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìwọ àti dádì rẹ gbájú mọ́. Àwọn ilé ìwé kan máa ń jẹ́ kí ọmọ ka Geometry nígbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn mìíràn a jẹ́ kó ka Geometry àti Algebra 2 pọ̀ lọ́dún kan. Ọ̀nà méjèèjì, ọmọ tó mọ Algebra 1 dunjú ni wọ́n ń ṣí i fún.

Má sì fi orúkọ ra máàkì burúkú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2; wọn a fi ààbọ̀ kún un fún Honors, wọn a fi 1 kún un fún AP, ẹ̀kọ́ tó tó ìpele yunifásítì. C nínú Honors, 2.5 ni. B nínú college prep, 3 ni. Ṣírò ó fúnra rẹ.

Ti Gẹ̀ẹ́sì, di Honors rẹ mú. Tó bá yá, wàá lè bọ́ sí AP. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, láti 1 dé 5 ni máàkì rẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ń ka 3 sókè sí iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ń béèrè 4 tàbí 5. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí àwọn Àgùdà máa kọ́ ọ náà, má fojú di í nítorí pé ọmọ Onítẹ̀bọmi ni wá. Kà á bí o ṣe ń ka ìyókù.

Kí dádì rẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìwọ lọ rí olùdámọ̀ràn ilé ìwé náà. Bi í pé: ọ̀nà wo ni mo lè gbà dé Calculus níbí? Máàkì wo ni mo gbọ́dọ̀ ní? Ìgbà wo ni wọ́n máa tún ìpele mi yẹ̀ wò? Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ fún dádì rẹ, kí o kà á fún wọn. Wọn yóò gbọ́.

Mi ò níṣẹ́ ní Sátidé. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Màá se ẹ̀wà, màá dín dòdò. Mú ìwé tí o pa rẹ́ títí tó fi lu yẹn wá, ojú ewé yẹn la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Aǹtí rẹ.