Alágbára Má Mèrò: Ìyanu àti Ohun Tó Mú Un Yàtọ̀ Láàárín Àwọn Akọni Inú Kọ́míìkì

Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Òwe yìí ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fi wọn akọni inú kọ́míìkì, kí ó tó wo bí apá rẹ̀ ti nípọn tó tàbí bí ó ṣe ń fò. Ìyanu, ọmọdébìnrin tí Roye Okupe dá sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn alàwòrán, yege nínú ìdánwò òwe náà ju ọ̀pọ̀ akọni tó jù ú lọ lókìkí. Ọmọ òrukàn ni; kò mọ orírun rẹ̀, kò sì rántí bí ó ṣe dé ibi tó wà. Ẹ̀yìn ìlú Elu ni Olori, obìnrin tó kún fún ìmọ̀, ti ń tọ́ ọ dàgbà. Ìtàn àtijọ́ àti ọgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wù ú kò ju pé kí òun náà máa gbé láàárín ẹgbẹ́ bí ọmọ gbogbo. Ọjọ́ tí ewu dojú kọ ọ́ ni agbára kan ṣàdédé jáde lára rẹ̀, irú èyí tí ojú kò rí mọ́ látayébáyé.

Èkó ni wọ́n ti bí Okupe, kó tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì gbé E.X.O., ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wale Williams, jáde ní 2015. Ní 2021 ni ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ apá kìíní ìwé Ìyanu, Godwin Akpan ló sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìtàn náà di eré kàtúùnù alápá púpọ̀ lórí Cartoon Network àti Max. Lion Forge Animation ló ṣe é, ilé iṣẹ́ kan náà tó lọ́wọ́ nínú fíìmù kékeré Hair Love tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní 2020. Serah Johnson ló ń fọhùn fún Ìyanu, Adesua Etomi-Wellington sì ni ohùn Olori.

Akọni ti pẹ́ ní Nàìjíríà kí Ìyanu tó dé. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn African Film tí ilé iṣẹ́ Drum ń tẹ̀ ti sọ Lance Spearman, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi fọ́tò sọ ìtàn rẹ̀, di ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fara wé. Ìwé ìròyìn Atọ́ka náà ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré ní èdè Yorùbá láti 1967. Ní 1975 ni kọ́míìkì Powerman dé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ló ń yà á. Gibbons yìí kan náà ló wá ya kọ́míìkì olókìkí Watchmen lẹ́yìn náà. Powerman lágbára, ó ń fò, kò sì sí ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe kí ejò bù ú ṣán. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀. Àmọ́ ìta ni àìlera rẹ̀ ti wá, kò bá ìwà rẹ̀ tan rárá. Bí ejò kò bá sí nítòsí, kò sí ìdí tí òǹkàwé yóò fi máa bẹ̀rù nítorí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni òwe ti wọlé. Superman, tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé jáde ní 1938, ni baba gbogbo wọn, ọmọ tí àwọn òbí fi ránṣẹ́ kúrò nínú ayé tó ń parun. Síbẹ̀ Spider-Man, tó dé ní 1962, ló fi ohun tí òwe náà ń sọ hàn jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára nígbà tí olè kan sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ó lè mú un, kò mú un, nítorí kò rí i bí ọ̀ràn tirẹ̀. Olè yẹn ló padà pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èrò ni kò sí. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ báyìí, àwọn òǹkàwé ṣì ń bá a sunkún lórí àṣìṣe kan ṣoṣo yẹn.

Ìyanu gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀kọ́ ló ṣáájú agbára nínú ayé tirẹ̀, èyí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn akọni. Kí agbára tó jáde lára rẹ̀ ni Olori ti kọ́ ọ ní ìtàn. Nígbà tí agbára wá dé, ó bá ọpọlọ tó ti ń ronú. Àwọn àgbà tún ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olori ní ìmọ̀, agbára yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyanu ní agbára, kò mọ ibi tó ti wá tàbí ohun tó wà fún. Bíyìí àti Tóyè, ọ̀rẹ́ tó bá pàdé, ló ń bá a rìn láti wá ìdí ara rẹ̀ àti ìdí ègún tó ń ba ilẹ̀ náà jẹ́. Kò sí ìgbà kankan tí òǹkàwé lè sọ pé Ìyanu nìkan tó. Àìtó yìí ló mú kí ó wu ni: ọmọ tó ń béèrè pé ta ni mí ló ń gba ayé là.

Ọmọ tó bá ka ìtàn yìí ní Àmúró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ní ohun tí òǹkàwé Amẹ́ríkà kò ní. Ilẹ̀ tí ewu yí ká kì í ṣe àlọ́ lásán fún àwọn Ọ̀kun, àwọn Yorùbá tó ń gbé agbègbè náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bida ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìlú sì gun orí òkè lọ fi ṣe odi. Oṣù Kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lé Núpé kúrò ní Kàbà, kí wọ́n tó kọjú sí Bida fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí òbí jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé Elu inú ìwé kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè bá lórí máàpù, àti pé ìtàn orí òkè Ọ̀kun ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bí ọmọ bá gbọ́ méjèèjì lálẹ́ kan náà, ìkíní á ṣí ojú rẹ̀ sí èkejì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé Ìyanu, èyí sì ń dùn ni. Ìyá tàbí olùkọ́ lè fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Kí ó fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́nu àwọn ẹni inú àwòrán, kí ó sì ní kí ọmọ fi èdè ilé sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ó má kánjú. Nínú àwòrán kan ọwọ́ Ìyanu wà lókè. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀tá ti wà nílẹ̀. Àlàfo funfun kékeré tó wà láàárín méjèèjì ni ọmọ ń fi ọkàn ara rẹ̀ dí, ibẹ̀ sì ni kíkọ́ ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ka ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n fi ohun tí ayàwòrán sọ wé ohun tí ọmọ sọ. Ní ti òbí tí ẹ̀rù ń bà pé idán àti ọ̀rọ̀ àwọn alágbára àtijọ́ lè yí ọmọ lọ́kàn padà, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà tán. Ìwé tí òbí kò kà, kò lè bá ọmọ jíròrò lé e lórí. Bí ó bá sì fà á ya, ọmọ yóò lọ kà á lórí fóònù ẹlòmíràn níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́ Àmúró tó bá fẹ́ ya akọni tirẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára. Ohun tí akọni náà kò mọ̀, tàbí ohun tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni kí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Aṣọ ló tẹ̀ lé e, ìmọ̀ sì pọ̀ nínú ìyẹn. Ojú lè fà mọ́ aṣọ ìpò, aṣọ pupa àwọn Bùnú tí wọ́n jẹ́ ara Ọ̀kun, nítorí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń dán nínú àwòrán. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn ńlá ni. Ayàwòrán tó bá wọ̀ ọ́ fún akọni láìbéèrè ti di alágbára má mèrò. Ẹni tó bá sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà lè rí ìtàn odindi kan nínú rẹ̀: ta ni akọni náà ń ṣọ̀fọ̀, kí ló sì dé tí kò tíì bọ́ aṣọ náà?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Okupe fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn Ìyanu, síbẹ̀ ọwọ́ Akpan ni òǹkàwé ń rí. Ẹni tó mọ ìtàn sọ kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà. Ojú ìwé mẹ́jọ ti tó fún àkọ́kọ́, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti ìwé àjákọ. Odindi ìwé ńlá tí kò parí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n gbé e fún àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan. Níbi tí àgbà bá ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni kí wọ́n tún ṣe. Níbi tí ọmọ bá ti ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwòrán ni.